Ọkọ̀ Tí A Rà Láti Gba Ẹ̀mí Là

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 27:27-44
Ẹsẹ àkọ́sórí: Jòhánù 15:13

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ọ̀jọ́, mò ń lọ síbi ìsìn ìdúpẹ́ ní abúlé kan lódìkejì omi. Wọ́n nawọ́ ẹ̀wù ààbò sí mi. Mo wo agbádá funfun ọrùn mi, mo ní kò jìnnà, kí wọ́n má ṣèyọnu. Ìyá arúgbó kan tí ó jókòó ti agbọ̀n ẹja rẹ̀ wò mí, ó ní, “Tíṣà, bí ẹ bá jábọ́ sómi, ọmọ mi tí ń wa ọkọ̀ yìí ni yóò bẹ́ tọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́.” Ojú tì mí, mo sì wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan kò ti kúrò lọ́kàn mi: bí ẹlòmíràn bá ń rì, ta ni yóò lọ?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́
1. Ọkọ̀ tí a kò lò. Ní 1803, àwọn ará ìlú Penzance, ní etíkun Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ọkọ̀ kan tí a kàn fún gbígba àwọn tí ọkọ̀ wọ́n rì là. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní agbègbè náà. Ṣùgbọ́n owó àtitọ́jú rẹ̀ kò sí. Ní 1812, wọ́n tà á, láìfi gba ẹyọ ẹnì kan là rí.

2. Ọkọ̀ tí a fẹ́ fi sá. Nínú Bíbélì kíkà wa, ènìyàn 276 ni ó wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù. Àwọn atukọ̀ sọ ọkọ̀ kékeré kalẹ̀ bí ẹni pé ìdákọ̀ró ni wọ́n fẹ́ jù sómi, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ara wọn nìkan ni wọ́n fẹ́ gbé sá lọ. Pọ́ọ̀lù fi yé balógun ọ̀rún pé bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, kò sí ìgbàlà fún àwọn tí ó kù. Àwọn ọmọ ogun gé okùn ọkọ̀ náà. Nígbẹ̀yìn, gbogbo wọn ni ó gúnlẹ̀ láyọ̀.

3. Ọkọ̀ tí ó lọ. Ní 1824 ni a dá ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí lójú òkun sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọrẹ àtinúwá ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí di òní, púpọ̀ nínú àwọn atukọ̀ wọn kì í sì í gba owó oṣù. Ní 1913, wọ́n kọ́ ilé ọkọ̀ kan sí Penlee, nítòsí abúlé apẹja Mousehole, kò sì jìnnà sí Penzance. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, 1981, ẹ̀rọ ọkọ̀ ẹrù Union Star kú nínú ìjì. Ènìyàn mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀. Hẹlikópítà gbìyànjú, kò lè gbé wọn. Ọkùnrin mẹ́jọ láti abúlé náà gbé ọkọ̀ Solomon Browne jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fẹ́ bá wọn lọ, ṣùgbọ́n Trevelyan Richards, ọ̀gá wọn, kọ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ti wà nínú ọkọ̀. Kò fẹ́ mú ẹni méjì láti inú ilé kan. Wọ́n ránṣẹ́ lórí rédíò pé àwọn ti rí ẹni mẹ́rin gbà. Lẹ́yìn náà, a kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Àwọn mẹ́rìndínlógún ni ó bá omi lọ.

Kí ni abúlé náà ṣe? Kí ọjọ́ kan tó pé, àwọn mìíràn ti fi orúkọ sílẹ̀ tó láti kún ọkọ̀ tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí a dá padà náà sì wá di ọ̀gá atukọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA
Ará, èwo nínú ọkọ̀ mẹ́ta yìí ni ìjọ wa jọ? A ti kọ́ ilé, a ti ra ẹ̀rọ agbóhùnsókè, aṣọ akọrin wa ń dán. Ṣé a ti fi gba ẹnikẹ́ni là? Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wà nínú yàrá háyà ní Ìbà, tí ebi ń pa, tí kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà ní ọjà Alábà tí ọ̀gá rẹ̀ lé jáde. Opó wà ní Òkòkòmáíkò tí kò wá sí kíláàsì fún oṣù mẹ́ta. A máa ń pe orúkọ rẹ̀, a ó ní “kò sí,” a ó sì kọjá lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Kì í ṣe gbogbo wa ni yóò bọ́ sómi. Ẹnì kan yóò wa ọkọ̀, ẹnì kan yóò san owó epo, ẹnì kan yóò tan iná sí èbúté. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọkọ̀ náà sá. Jésù kò dúró ní èbúté pè wá; Ó wọ inú omi tọ̀ wá, ó sì ná an ní ẹ̀mí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Èéṣe tí Pọ́ọ̀lù kò fi jẹ́ kí àwọn atukọ̀ lọ?
2. Kí ni ó lè sọ ìjọ di ọkọ̀ tí a rà, tí a kò lò?
3. Orúkọ ta ni kò jáde ní kíláàsì wa fún ìgbà pípẹ́? Ta ni yóò lọ kí i kí Ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé?

ÀDÚRÀ
Olúwa, ìwọ tí o wá wa dé inú ibú, má jẹ́ kí a jókòó sí èbúté nígbà tí ẹnìkejì wa ń rì. Àmín.