Ẹ Yéé Bi Alátọ̀gbẹ Pé, ‘Kí Ló Dé Tí Ẹ Fi Rù?’

Ẹni tó ni ìtàn yìí ṣì wà láàyè. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Wọ́n ní bí n kò bá ti dárúkọ àwọn, kí n má fi nǹkan kan bò. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n. Àdúgbò ló so wá pọ̀, a kì í ṣe ẹbí. Pákó ni wọ́n ń tà ní Ìbàdàn. Láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, orí àga ni wọ́n máa ń wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọmọṣẹ́ ń gbé pákó, ẹ̀gbọ́n ń gba owó.

Ìtọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ń dìde lóru. Òùngbẹ tẹ̀lé e, irú èyí tí omi kì í pa. Nítorí pé oòrùn ń mú níwájú ṣọ́ọ̀bù, mínírà tútù ni wọ́n fi ń lé e, ìgò kan lọ́sàn-án, òmíràn nírọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó tó ṣíbí tíì mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣúgà tó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń bá ìtọ̀ jáde, á sì fa omi ara dání bó ṣe ń lọ. Ìyẹn ló ń mú kí òùngbẹ máa gbẹni. Tí a bá wá fi ṣúgà lé òùngbẹ náà, òùngbẹ míì la fowó wa rà.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ ṣàkíyèsí pé èèrà máa ń ṣùrù bo ibi tí ọ̀gá òun bá tọ̀ sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ojú tì í láti sọ. Ojú ẹ̀gbọ́n sì ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní àgbà ló dé. Wọ́n lọ sí kẹ́míìsì, wọ́n fún wọn ní oògùn ibà. Àfi ọjọ́ tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, tí wọ́n gún ìka wọn, tí ẹ̀rọ sì ka 312 mg/dL. Ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì, láìtíì fi nǹkan kan kan ẹnu, ó jẹ́ 241. Ẹni tó bá jí láìjẹun, tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó 100, kò sí ìyọnu. Láti 100 dé 125, ó ti ń sún mọ́ ọn. Tó bá ti di 126 sókè, tí àyẹ̀wò míì sì jẹ́rìí sí i, àtọ̀gbẹ ni.

Dókítà kọ oògùn tí wọ́n ń pè ní metformin fún wọn, ó sì ní kí wọ́n rí ìyá kan tó ń gba àwọn aláìsàn nímọ̀ràn lórí oúnjẹ. Ìyá yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí. Kò bẹ̀rẹ̀ sí í ka èèwọ̀ fún wọn. Ó ní kí wọ́n sọ gbogbo ohun tí wọ́n jẹ lánàá, bó ti wù kó kéré mọ. Wọ́n ní búrẹ́dì àti tíì láàárọ̀, wọn kì í fi ju ṣúgà méjì sí i. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù àti mínírà ní nǹkan bí agogo mọ́kànlá. Àmàlà márùn-ún pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran lọ́sàn-án. Ìrẹsì alẹ́, àti máátì kan tí ọ̀rẹ́ kan gbé wá. Ìyá náà ní, “Bàbá, lóòótọ́ ni pé ẹ kì í mu ṣúgà púpọ̀ nínú tíì. Àmàlà yẹn gan-an ni ṣúgà yín.”

Ó mú abọ́ pẹrẹsẹ kan, ó fi ìka pín in. Ìdajì abọ́, kó jẹ́ ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ilá, èyí tó bá wà lọ́jà. Ìdámẹ́rin, kó jẹ́ ẹja, ẹyin, ẹran tí kò lọ́ràá tàbí ẹ̀wà. Ìdámẹ́rin tó kù ni ti òkèlè tàbí ìrẹsì, kó má sì ju ìkúùkù wọn kan lọ. Kí wọ́n jẹ ọsàn dípò kí wọ́n mu omi ọsàn inú páálí. Kí wọ́n máa rìn lẹ́yìn oúnjẹ, bó ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí pé iṣan ẹsẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́ máa ń gba ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí oúnjẹ olówó ńlá kan níbẹ̀, kò sì sí èyí tí wọn kò mọ̀ láti kékeré.

Wọ́n ṣe é. Ìyàwó wọn mọ ọbẹ̀ sè, ó wá ń gbé ẹ̀fọ́ fún wọn ṣáájú, kí àmàlà tó dé. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Mínírà di omi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kílò mọ́kànlá ti bọ́ lára wọn, ṣúgà àárọ̀ ti wálẹ̀ sí 114, wọ́n sì ń sùn mọ́jú.

Èyí kì í ṣe idán. Àwọn onímọ̀ ní Newcastle àti Glasgow gbé ìwádìí kan jáde ní 2017, wọ́n ń pè é ní DiRECT. Àwọn tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni wọ́n mú. Wọ́n dín oúnjẹ wọn kù gidigidi fún oṣù mélòó kan, lábẹ́ ojú àwọn elétò ìlera. Nígbà tí ọdún kan pé, 46 nínú 100 ni ṣúgà wọn ti kúrò ní ìwọ̀n àtọ̀gbẹ láìlo oògùn. Nínú àwọn tí kílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bọ́ lára wọn, ó tó 86 nínú 100. Ọ̀rá tó ti kó sínú ẹ̀dọ̀ àti sínú ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì, ohun tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ló ń yọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ara bá padà sanra, àìsàn náà lè padà. Ó sinmi ni, kò kú. Ibi tí ẹ̀gbọ́n ti ṣi ọ̀nà nìyí, kì í sì í ṣe àwọn nìkan ló ṣì wọ́n lọ́nà.

Ní ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá sanra, a ní ayé rọrùn fún un. Bó bá rù, a ó máa wá ohun tó ṣe é kiri. Wọ́n dé òde ìsọmọlórúkọ kan, ẹni àkọ́kọ́ tó rí wọn pariwo pé, “Alhaji! Kí ló dé? Ẹ ti rù o!” Ẹnì kejì fà wọ́n sẹ́yìn, ó rọra béèrè bóyá ọjà ò lọ mọ́. Àwọn ọlọ́jà pákó ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àìsàn tí kò ṣeé dárúkọ ni. Àwọn kan ní ìyàwó ló ń fi oúnjẹ jẹ wọ́n níyà. Ìyá wọn wá kí wọn láti abúlé, wọ́n rí òkèlè tó wà níwájú ọmọ wọn, wọ́n bú sẹ́kún: “Ṣé ebi lẹ fẹ́ fi pa ọmọ mi ni?” Láti ọjọ́ náà ni àmàlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. N kò dá ìyàwó wọn lẹ́bi rárá. Obìnrin wo ló fẹ́ kí ìyá ọkọ máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ káàkiri?

Ìgbà yẹn ni ọ̀rẹ́ wọn kan gbé kẹ́ẹ̀gì àgbo dé, ó ní ife kan láàárọ̀, ife kan lálẹ́, àtọ̀gbẹ á fò lọ pátápátá. Èmi kì í bá ewé àti egbò ṣọ̀tá. Metformin fúnra rẹ̀, ìwádìí lórí ewéko kan tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ló la ọ̀nà fún un. Ṣùgbọ́n wọ́n ti wọn ohun tó wà nínú hóró metformin kan, wọ́n mọ iye tí kíndìnrín lè gbé. Ta ló wọn ti inú kẹ́ẹ̀gì? Ẹ̀gbọ́n mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n yẹ ṣúgà wò, ó jẹ́ 108. Àgbo ló gba ìyìn. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi pín abọ́, tí wọ́n fi ń fẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n fi ń lo hóró oògùn lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Wọ́n kó metformin sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n tì í.

Máátì padà. Oyin rọ́pò ṣúgà nínú ẹ̀kọ àárọ̀, wọ́n ní oyin kì í ṣe ṣúgà. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò àmàlà iṣu, ó sì ga ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, nítorí pé gbogbo ayé ló ti sọ fún wọn pé alátọ̀gbẹ lè jẹ ẹ́ bó ṣe wù ú. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú dára ju púpọ̀ nínú àwọn òkèlè wa lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí a bá ti sá a, tí a lọ̀ ọ́, tí a sì fi omi gbígbóná rò ó, ṣúgà ni ara yóò sọ ọ́ dà bíi ti àwọn yòókù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti òkèlè wíìtì. Oyin náà, ṣúgà ni. Èèyàn lè fi oúnjẹ rere pààrọ̀ oúnjẹ rere kó tún máa ṣàìsàn lọ, bí kò bá ti dín in kù.

Wọ́n ní ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Àtọ̀gbẹ kì í sábà dunni, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sọ ọ́. Ó lé ní ọdún kan tí ẹ̀gbọ́n kò yẹ ṣúgà wọn wò. Ara ti padà, àwọn èèyàn ń kí wọn pé wọ́n ti tún yọ.

Ní àkókò ọyẹ́, ọmọ wọn obìnrin tọ ipa ẹ̀jẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀ títí dé ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Ìṣó pákó ti gba inú sálúbàtà wọlé sí wọn lẹ́sẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bóyá láti àárọ̀ ni. Wọn kò mọ̀ ọ́n lára. Ṣúgà tó ga fún ìgbà pípẹ́ máa ń ba iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń gbà wọlé. Ó tún máa ń dí òpó ẹ̀jẹ̀, tí egbò kò fi ní rí ẹ̀jẹ̀ tó tó láti fi jinná. Wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n da ẹ̀tù oògùn sí i. Kò dùn wọ́n, wọ́n sì rò pé ó ń san. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ keje, ó ti ń rùn, ìka méjì sì ti dúdú.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà fi fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ kan tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wọn níbi mẹ́wàá, ó ní kí wọ́n dijú. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n gé ìka méjèèjì. Wọ́n pẹ́ lórí ibùsùn, owó ọjà tán, wọ́n ta ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó pákó. Ìyá wọn jókòó tì wọ́n, wọn kò sọ̀rọ̀ ebi mọ́.

Ínsúlínì ni ẹ̀gbọ́n ń gún báyìí. Wọn kì í fi ebi pa ara wọn, nítorí pé ẹni tó bá gún un tí kò jẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70, kó máa làágùn, kó máa gbọ̀n. Ṣúgà wà nínú àpò wọn fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, èyí nìkan ni ṣúgà tí wọ́n ń gbé kiri. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á gbọ̀n ọ́n wò kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Lálaalẹ́, ìyàwó wọn á fi díńgí wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Bí wọ́n bá ń lọ òde, wọ́n á ti jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja nílé. Èyí tó bá sì ní wọ́n rù, wọ́n á na ẹsẹ̀ sí i kó wò ó.

Ìyá wọn máa ń sọ pé irú àìsàn yìí kò sí nínú ìdílé àwọn tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ní 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde, wọ́n yẹ àwọn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wò ní Nàìjíríà, ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àtọ̀gbẹ kéré jù ní Nàìjíríà, ó pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orísun kan náà, ìgbé ayé ọ̀tọ̀. Bàbá àgbà ẹ̀gbọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, ó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, kò sì sí mínírà nínú àpò rẹ̀.

Àkọ́bí wọn, tó ti ń jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, lọ yẹ ṣúgà tirẹ̀ wò: 113. Kò tíì di àtọ̀gbẹ. Dókítà sọ ìwádìí kan fún un tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2002, tí wọ́n fi àwọn èèyàn tó lé ní 3,000 ṣe, àwọn tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí kò tíì dé ibẹ̀. Àwọn tó dín ìwọ̀n ara wọn kù nípa bíi 7 nínú 100, tí wọ́n sì ń rìn fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, fi 58 nínú 100 dín ewu àtọ̀gbẹ kù, ó sì ju ti àwọn tó lo metformin nìkan lọ. Ọmọ náà ti ń gbé pákó pẹ̀lú àwọn ọmọṣẹ́ báyìí. Nígbà tí ọlọ́jà kan bi í pé kí ló dé tó fi rù, ẹ̀gbọ́n ló dáhùn láti orí àga wọn pé àwọn ló rán an. Oṣù tó ń bọ̀ ni yóò tún lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ìyá rẹ̀ á sì bá a lọ.