Olúwa Ń Wo Ọkàn

Ẹ̀kọ́ kíkà: 1 Samuẹli 16:1–13

 

Àwọn ọmọbìnrin wa ń wo eré Kòríà lórí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, àwa náà sì ń jókòó tì wọ́n. Irú ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn eré ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín wọ̀nyí tí mo fẹ́ kí á yẹ̀ wò: èyí tí kì í ṣoge, tí apá rẹ̀ le, tí wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe bí ọkùnrin.

Nínú Coffee Prince, eré ọdún 2007, bàbá Go Eun-chan ti kú. Òun ló ń bọ́ ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ó ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn oníbàárà, ó sì ń kọ́ni ní taekwondo. Ó gẹ irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, àwọn ènìyàn sì rò pé ọkùnrin ni. Nígbà tí ilé kọfí kan tí kò gba obìnrin ń wá òṣìṣẹ́, ó dákẹ́, ó sì wọlé bí ọkùnrin. Ẹlòmíràn lè ka Deuteronomi 22:5 sí i létí. Èmi náà kò yin irọ́. Irọ́ yẹn ló dá omijé sílẹ̀ láàrin òun àti ọ̀gá rẹ̀, Choi Han-kyul. Ṣùgbọ́n kí á tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká rántí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kí ilé yẹn tó jẹun.

Èkejì ni Weightlifting Fairy Kim Bok-joo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Akẹ́kọ̀ọ́ ni Bok-joo, irin gbígbé ni eré ìdárayá rẹ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ fà sí dókítà kan, ojú tì í láti sọ ọ́. Ó ní cello, ohun èlò orin olókùn, ni òun ń ta. Ẹ wò ó! Apá tó ń gbé irin wúwo kò lè gbé ìtìjú. Jung Joon-hyung tó wá fẹ́ ẹ ní tòótọ́ mọ̀ pé irin ló ń gbé, ó sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ìtàn Jang Mi-ran ló mú kí wọ́n ronú eré náà. Obìnrin yìí gba wúrà ní Olímpíìkì Beijing ní 2008. Àpapọ̀ ohun tó gbé jẹ́ kìlógíráàmù 326. Ní 2023, ìjọba Gúúsù Kòríà fi í ṣe igbákejì mínísítà. Bí ìtìjú bá ti mú un sọ irin sílẹ̀ ní kékeré ńkọ́?

Samuẹli wo ìdúró Eliabu, ó rò pé òun ni. Olúwa kò wo ìdúró. Debora ṣe onídàájọ́ Ísírẹ́lì, obìnrin inú Òwe 31 sì mú apá rẹ̀ le.

Ẹ̀yin ìyá, bí obìnrin kan bá kọ́lé, tó tọ́ ọmọ yanjú, a ó máa kì í níbi ìsìnkú rẹ̀ pé obìnrin bí ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá ń gbá bọ́ọ̀lù, a ó bi í pé, “Ta ni yóò fẹ́ ọ?” Ìyìn tí a ń fún òkú, ẹ má jẹ́ kí á fi ṣe èébú fún ọmọ. Ẹ kọ́ ọ ní òtítọ́, ìwà pẹ̀lẹ́ àti ìbẹ̀rù Ọlọ́run. Ẹ má kọ́ ọ láti máa tijú agbára tí Ọlọ́run fi fún un.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí a ó fi máa rí àwọn ọmọ wa bí Òun ti rí wọn. Àmín.