Níbo Ni Tèmi Wà Nínú Ohun Àjùmọ̀ní?

Ní ọdún 1947, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tí wọ́n yà kúrò lára ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun Ìlàjẹ. Wọ́n ri òpó mọ́ ẹrẹ̀, wọ́n fi pákó kọ́lé lé e lórí, pákó náà ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà láti ilé dé ilé. Ọkọ̀, àwọ̀n, ẹja, owó, gbogbo rẹ̀ di ti ìlú; ìlú ló ń bọ́ni, ìlú ló ń dáṣọ fúnni, títí di òpin àwọn ọdún 1960. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ nínú ilé pákó wọ̀nyẹn lọ, ṣùgbọ́n kò gbé ìbéèrè kan lọ: bí gbogbo nǹkan bá jẹ́ ti gbogbo wa, níbo ni ènìyàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí?

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti tún bá ìbéèrè yìí pàdé. Openbox, ètò tó ń ṣàkóso fèrèsé lójú kọ̀ǹpútà, tí Dana Jansens àti Mikael Magnusson ṣe fún Linux, wà lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL: ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó tú u wò, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà àlòkù fi lè gbé e. Fún ọ̀dọ́ Ìlàjẹ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà ṣiṣẹ́, ìfúyẹ́ yìí kì í ṣe fáàrí.

Bí a bá ṣí ètò ìkọ̀wé kan, ètò náà kò mọ nǹkan kan nípa etí tó yí i ká. Openbox ló ń gbé fèrèsé rẹ̀ sínú fèrèsé mìíràn tó tóbi díẹ̀ jù ú lọ. Àyè tó ṣẹ́kù yíká ni ọ̀pá àkọlé, bọ́tìnnì tí a fi ń pa á dé, àti ìlà etí. Nínú fáìlì themerc, tí kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ, a lè kọ border.width: 3, kí ìlà náà nípọn. A lè fi àwọ̀ kan sí window.active.title.bg.color, ká fi òmíràn sí window.inactive.title.bg.color. Bí a bá ti pàṣẹ openbox --reconfigure, gbogbo fèrèsé á pààrọ̀ aṣọ, iṣẹ́ inú wọn kò sì ní dúró.

Àwọn kan ní asán ni yíyan àwọ̀ báyìí. N kò gbà. Fèrèsé tó ń gba ohun tí a bá ń tẹ̀ ni active. Bí àwọ̀ méjèèjì bá jọra, ènìyàn lè tẹ ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ síbi tí kò yẹ. Síbẹ̀, àwọ̀ méjì èyíkéyìí tó bá ti yàtọ̀ síra ti tó fún ìyẹn. Kí ló dé tó fi jẹ́ aró, tí kì í ṣe osùn? Ìlò kò ní èsì fún èyí. Níbi tí ìlò ti dákẹ́ gan-an ni mo ti rí ẹni tó yàn án.

Aró tèmi kò sì bu osùn tìrẹ kù. Ẹja tí mo bá mú pamọ́ nínú ẹja ìlú ti dín ti ìlú kù, ibẹ̀ ni ìgbé ayé àjùmọ̀ní ti máa ń le. Àwọ̀ etí fèrèsé kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé ohun tí kò ná ẹnì kankan ní nǹkan wá lè jẹ́ tèmi ní tòótọ́? Mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé àwọn kan mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn tó ṣe X Window System, ètò tí Openbox ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní MIT lọ́dún 1984, kọ̀ láti pàṣẹ bí fèrèsé yóò ṣe rí. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí wọn kò ní mọ̀ láé. Ẹni tó fúnni ní iṣẹ́ ṣoore. Ẹni tó fi àyè sílẹ̀ nínú iṣẹ́ náà fún ìfẹ́ ọkàn àlejò ti ka àlejò náà sí ènìyàn.

Fáìlì themerc yẹn kéré, a lè fi ránṣẹ́. Ọ̀dọ́ kan ní Ìgbókòdá, nílẹ̀ Ìlàjẹ, lè fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àwọ̀ tó dá yàn á sì di àjùmọ̀ní lọ́jọ́ náà, títí ọ̀rẹ́ yẹn yóò fi ṣí i, tí yóò yí ìlà kan padà.