Ọ̀sá Òtúrá Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Patrick Henry

Nínú Ọ̀sá Òtúrá ni Ifá ti béèrè ohun tí òtítọ́ jẹ́. Ìdáhùn Odù náà kò mọ sí ẹnu nìkan: Ifá ní ká sọ ọ́, ó tún ní ká hù ú níwà, ẹni tó bá sì ń hù ú níwà ni àwọn ìmọlẹ̀ ń tì lẹ́yìn. Odù yìí ni mo fi ń wo ọ̀rọ̀ tí Patrick Henry sọ ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹta, ọdún 1775, nínú ṣọ́ọ̀ṣì St. John's ní Richmond, nígbà tó ń rọ àwọn aṣojú Virginia pé kí wọ́n kó ọmọ ogun jọ de ọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ náà wọni lára, kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀. Henry kọ́kọ́ júbà àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ ta kò wọ́n. Ó wá ń da ìbéèrè bò wọ́n: àwọn wo ni ọba ń tìtorí wọn kó ọkọ̀ ogun bọ̀? Ó ka gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti ọdún mẹ́wàá: ìwé ẹ̀bẹ̀, àròyé, ìdọ̀bálẹ̀ níwájú ìtẹ́, pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Nígbà tó máa fi parí, ó ti dí gbogbo ọ̀nà yòókù pa. Òmìnira tàbí ikú ló kù, ara rẹ̀ ló sì fi lélẹ̀ ṣáájú ti ẹnikẹ́ni.

William Wirt ló ṣa ọ̀rọ̀ náà jọ lẹ́nu àwọn tó gbọ́ ọ, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1817, lẹ́yìn tí Henry ti kú. Àwa tí a ń gba ẹsẹ Ifá lẹ́nu àgbà kò ní tìtorí ìyẹn dà á nù.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá bá mi wò. Wọ́n ní ó pa ọrùn ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, ó tẹ̀ ba, kó tó já ara rẹ̀ gbà. Oko ẹrú ló ní ọba fẹ́ kó àwọn sí. Bẹ́ẹ̀, ó ní ẹrú nílé, owó rẹ̀ ló sì fi rà wọ́n. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní oṣù Kìíní 1773, ó kọ lẹ́tà sí Robert Pleasants, ọmọ ìjọ Quaker, ó jẹ́wọ́ pé òun kò lè dá ara òun láre; ìnira tó wà nínú gbígbé láìsí wọn ni kò jẹ́ kí òun jáwọ́. Ó sọ òtítọ́. Ṣíṣe rẹ̀ dà?

Oṣù Kọkànlá 1775 ló fèsì. Dunmore, gómìnà ọba ní Virginia, kéde pé ẹrú àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó bá wá gbé ìbọn fún ọba yóò di òmìnira. Henry, tó ti di ọ̀gá ológun Virginia, kọ̀wé sí àwọn olórí ológun àgbègbè pé kí ẹ̀ṣọ́ máa yípo láìsinmi, kí ẹrú má baà ráyè sá. Ọgọ́ọ̀rọ̀ wọn ṣáà sá lọ, ilẹ̀gbóná sì pa púpọ̀ nínú wọn lọ́dọ̀ Dunmore. Tí mo bá bi Ọ̀sá Òtúrá léèrè ẹni tó hu ọ̀rọ̀ Richmond níwà, àwọn wọ̀nyí ló ń tọ́ka sí.