Ta Ni Ó Yẹ Kí A Gé Kúrò Nínú Fídíò Ìdílé Wa?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn wa lẹ́ẹ̀kan yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ lójú àwọn ìyá kan, nítorí pé orí fídíò àti kọ̀ǹpútà ni ó dá lé. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ni, èyí tí òfin kẹsàn-án nínú òfin mẹ́wàá bá wí.

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, páálí kan wà lábẹ́ ibùsùn tàbí lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí àwo fídíò kún inú rẹ̀: ìgbéyàwó ọmọ, ìsìnkú ìyá, ìkómọjáde, ìṣílé, ìdúpẹ́ ìkórè. Kásẹ́ẹ̀tì ńlá ni onífídíò kọ́kọ́ ń kó fún wa. Lẹ́yìn náà ni àwo VCD dé, tí DVD sì tẹ̀ lé e. Lónìí, ẹ̀rọ tí a fi ń wò wọ́n ń tán lọ láàárín wa. Ilé iṣẹ́ Funai ní Jàpáánì, tí ó kẹ́yìn nínú àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì VHS, dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2016. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun kò sì ní ihò tí a ń ti àwo bọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wa, ìbáà ṣe ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, orí tábúlẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń wo gbogbo nǹkan. Bí a bá na àwo sí wọn, wọn kò ní mọ ibi tí wọn yóò fi í sí.

Ìdí mìíràn tún wà tí kò fi yẹ kí a máa fi iṣẹ́ yìí falẹ̀. Àwo tí onífídíò kọ nǹkan sí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yàtọ̀ sí àwo sinimá tí ilé iṣẹ́ ńlá tẹ̀ jáde. Aró ni ó wà nínú ti onífídíò, iná tín-ín-rín inú ẹ̀rọ ni ó sì fi kọ àwòrán sí ara aró náà. Gbogbo ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ mọ ohun tí oòrùn ń ṣe sí aró. Ooru òrùlé páànù wa àti ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń ṣe irú rẹ̀ sí àwo. Ọjọ́ kan ni a ó fi í sínú ẹ̀rọ, tí yóò máa dúró gátagàta, tí ojú àwọn olólùfẹ́ wa yóò máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà tí kò ní ṣí mọ́ rárá.

Iṣẹ́ náà kò le. A ó so ẹ̀rọ àwo kékeré mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú wáyà USB. Bí ó bá jẹ́ DVD, a ó rí àpò kan nínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní VIDEO_TS, àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí VOB ni fídíò náà wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ VCD, inú àpò MPEGAV ni, orúkọ fáìlì rẹ̀ a sì parí sí DAT. Ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní HandBrake, tí a kì í san owó kí a tó gbà á, lè sọ fídíò DVD di fáìlì MP4, èyí tí tábúlẹ́ẹ̀tì, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gbà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí a tàn yín pé àwòrán VCD yóò mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwòrán rẹ̀ kò ju ẹyọ 352 níbùú àti 288 lóròó, ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ kò lè dá a. Ìṣẹ́jú 74 péré ni ó sì máa ń gbà, ìdí nìyẹn tí ìgbéyàwó kan fi ń wà nínú àwo méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ fi fọ́láàṣì wò ó lára tẹlifíṣọ̀n, ẹ jẹ́ kí fáìlì kọ̀ọ̀kan kéré sí 4 GB, nítorí fọ́láàṣì tí wọ́n ṣètò sí FAT32 kì í gba èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Níbi tí iṣẹ́ yìí bá dé ni ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ó ń bá ni ṣe é yóò béèrè pé, "Mọ́mì, ṣé gbogbo rẹ̀ ni ẹ fẹ́, àbí kí n bá yín gé e kúrú?" Nígbà tí fídíò wà nínú àwo, bí onífídíò ti kó o fún wa ni a ń wò ó. Nísinsìnyí, ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ lè yọ ìṣẹ́jú márùn-ún kúrò láàárín, kí ó so ìpẹ̀kun méjèèjì pọ̀, kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà má sì mọ̀ láéláé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan sọ ọ́. Ká ní ìyá kan sun nínú Olúwa ní 2006. Ìyàwó àkọ́bí rẹ̀ ni ó gbé àwòrán ìyá náà sáyà, tí ó ń jó níwájú onílù yí àdúgbò ká. Òun ni kámẹ́rà ń bá lọ. Ọmọ ọdún méjì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi gèlè rẹ̀ bo ọmọ náà lórí nítorí oòrùn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ìjà dé, ìyàwó náà kó jáde, ọkọ sì fẹ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ àwo yìí di fáìlì, àwọn ará ilé ní kí ọmọ tí ń ṣiṣẹ́ náà yọ gbogbo ibi tí obìnrin yìí bá ti fara hàn. Wọ́n ní kí ó má bàa dun ìyàwó ilé. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kọjá.

Irú èyí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ta ni kò rí fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n fi sáàsì gé ẹnì kan kúrò nínú rẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ rántí bí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ti ń rí. Etí rẹ̀ kan á wọ́. Nígbà mìíràn a ó rí ọwọ́ kan tí ó ṣẹ́ kù lórí èjìká ẹni tí ó jókòó, láìsí ẹni tí ó ni ọwọ́. Ọmọ tí ó bá rí i yóò béèrè pé ọwọ́ ta nìyí. Sáàsì ń jẹ́wọ́ ohun tí ó ṣe. Fáìlì kò ní etí tí ó wọ́. Bí wọ́n bá gbé fídíò ìsìnkú yẹn síwájú ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí ó ti di géńdé báyìí, yóò gbà pé bí ọjọ́ náà ṣe lọ nìyẹn, àti pé ìyá òun kò bá wọn sin ìyá àgbà. Kò sí ẹni tí ó la ẹnu purọ́ fún un, irọ́ sì ti wọ inú ilé.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Àwo wa ni, àwa ni a san owó onífídíò, ẹ fi wá sílẹ̀." A gbà pé tiwọn ni àwo. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ńkọ́? Ẹni tí ó ra aṣọ ẹbí, tí ó dáná fún àlejò, tí ó jí ní aago mẹ́rin òwúrọ̀ láti bu omi, òun náà ní ìpín nínú ọjọ́ náà. Bí ó bá ṣẹ ìdílé lẹ́yìn náà, ẹ̀ṣẹ̀ 2014 kò lè pa iṣẹ́ 2006 rẹ́. Àwọn baba wa pàápàá mọ èyí. Nínú oríkì orílẹ̀ wa, a kì í ka ohun tí ó dùn nìkan. Àbùkù wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, ó sì jẹ́ ìyàlẹ́nu pé àwọn ọmọ onílé a máa fi orí wú bí akéwì bá ń kì wọ́n bẹ́ẹ̀.

Bí a bá ṣí Mátíù orí kìn-ín-ní, ìwé ìran Jésù Olúwa wa ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé. Bí ó bá jẹ́ àwa ni wọ́n ní kí a tún un ṣe, àwọn tí a ìbá yọ kò ní pẹ́ ẹ́ yé wa: Támárì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ òun àti Júdà, Ráhábù ará Jẹ́ríkò, Rúùtù ará Móábù, àti obìnrin tí ó ti jẹ́ aya Ùráyà. Mátíù fi gbogbo wọn sílẹ̀. Kò tilẹ̀ fi orúkọ Ùráyà pamọ́ kí ó lè bo ojú Dáfídì.

Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì dáadáa yóò dá wa lóhùn pé Mátíù náà gé. Òótọ́ ni. Láàárín Jórámù àti Ùsáyà, ọba mẹ́ta ni ó fò: Ahasáyà, Jóáṣì àti Amasáyà, nítorí pé ó fẹ́ kí ìran náà jẹ́ mẹ́rìnlá mẹ́rìnlá. A kò fẹ́ fò ó bí ẹni pé a kò rí i. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn ọba náà wà nínú ìwé Kíróníkà, ibi tí ẹnikẹ́ni lè lọ wò wọ́n. Èyí tí a gé kúrú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó pé. Ẹ wá fi wé Jèhóíákímù, ọba Júdà, tí Jeremáyà orí 36 sọ ìtàn rẹ̀. Òun fi ọ̀bẹ gé ìwé wòlíì bí wọ́n ti ń kà á, ó sì ń jù ú sínú iná, kí ó lè dà bí ẹni pé a kò kọ ọ́ rí. Bárúkù ni ó tún jókòó kọ òmíràn. Ní ilé wa, ta ni yóò jẹ́ Bárúkù bí àwo bá ti bàjẹ́, tí fáìlì tí a gé sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tí ó kù?

Nítorí náà a kò sọ pé gígé jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ìkórè, tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ kíkéde iye owó, ẹnikẹ́ni tí ó bá gé e, kí Olúwa bù kún un. Àwọn nǹkan kan tilẹ̀ wà tí ó yẹ kí a gé kúrò nínú èyí tí a ó máa fi ránṣẹ́ káàkiri: ọmọ tí a ń wẹ̀ ní ìhòòhò lọ́jọ́ ìkómọjáde, opó tí ó ṣubú lẹ́bàá ibojì, tí ìró sì tú lára rẹ̀, ojú òkú tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Ṣémù àti Jáfẹ́tì fi ẹ̀yìn rìn lọ da aṣọ bo Nóà bàbá wọn. Ìyàtọ̀ tí a rí ni pé wọ́n bò ó nítorí Nóà fúnra rẹ̀. Bí a bá fẹ́ gé ẹnì kan, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé, bí ẹni náà bá gbọ́, ṣé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ni, àbí yóò sunkún? Opó yẹn yóò dúpẹ́. Ìyàwó tí ó gbé àwòrán ìyá kò ní dúpẹ́.

Èyí tí ó le jù ni ti arábìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù, tí Olúwa yọ jáde láàyè. Ó ní fídíò ìgbéyàwó lọ́wọ́. Ṣé a ó sọ fún un pé kí ó máa wo ojú ọkùnrin náà nítorí òtítọ́? Rárá o. Nínú àwọn ìlànà tí John Wesley là sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1743, kí a má ṣe ibi ni ó kọ́kọ́ dé, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rí ṣe ibi fún ẹni tí ó ti gba ọgbẹ́. Kí ó gé tirẹ̀ bí ó ti fẹ́. Kí ó mú ibi tí ìyá àti bàbá rẹ̀ ti ń súre fún un nìkan, tàbí kí ó má wo ọ̀kankan. Ohun tí a ó bẹ̀ ẹ́ ni pé kí odindi rẹ̀ wà níbì kan, lọ́wọ́ àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tí ó fọkàn tán, nítorí àwọn ọmọ. Wọn yóò béèrè lọ́jọ́ kan, òun ni yóò sì mọ ìgbà tí ó tó láti fi hàn wọ́n.

Ní ti àwo sinimá tí a rà lọ́jà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn ni, wọ́n sì ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ pa kí a má bàa dà á kọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ ọ́ di fáìlì kí ó máa pín in nínú ẹgbẹ́ pé ìyìn rere ni.

Kí a tó fọwọ́ kan àwo kankan, ẹ jẹ́ kí a sọ fún ọmọ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà pé odindi ni kí ó kọ́kọ́ gbé jáde, kí ó fi sí ibi méjì, ọ̀kan nílé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọmọ tí ó wà ní ìlú mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni ó lè gé ti tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ó da àwo nù. Ẹ tún mú ìwé kékeré kan, kí ẹ jókòó ti fídíò náà pẹ̀lú àwọn àgbà tí ó kù, kí ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ bá rí àti ìṣẹ́jú tí wọ́n fara hàn: ẹni tí ó gbàdúrà, olùdarí akọrin, ẹni tí ó gbé àwòrán jó, àti ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ gèlè.