Bí Wọn Kò Bá Gba Àbá Rẹ Ńkọ́?



Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, bí wọ́n bá pe ìpàdé àdúgbò, àwa mélòó ni a máa ń lọ? A ó ní àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pè wá. A ó ní a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò gbà. Èmi pàápàá ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń jíròrò lórí gọ́tà àdúgbò wa, ilé ni mo jókòó sí. Wọ́n la gọ́tà náà sí ibi tí omi kì í gbà. Nígbà tí òjò dé, àgbàrá wọ inú yàrá mi. Mo mọ ojú àgbàrá náà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni mo sọ fún?

Ẹ jẹ́ kí a wo ogun Uhudu, ní ọdún 3 lẹ́yìn Hijra (625). Ànábì rò pé kí wọ́n dúró sínú Mẹ̀dínà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ní kí wọ́n jáde lọ pàdé ọ̀tá, Ànábì sì gba tiwọn. Abdullahi ọmọ Ubayyi náà ti dá àbá pé kí wọ́n dúró sílé. Àbá àwọn méjèèjì kò wọlé. Ànábì gbé ẹ̀wù ogun wọ̀, ó síwájú wọn. Abdullahi kó nǹkan bí 300 ènìyàn, ó padà sílé. Ìwà ta ni ìwọ ń hù?

Nǹkan bí 70 Mùsùlùmí ni ó kú lójú ogun náà. Síbẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àáyá 159 nínú Sūratu Āli Imrān sọ̀kalẹ̀, tí Ọlọ́hun fi pa Ànábì láṣẹ pé kí ó ṣàmójúkúrò fún wọn, kí ó sì máa bá wọn jíròrò. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe torí àṣìṣe ọ̀dọ́ lé wọn síta.

Bí ó ti rí ní àdúgbò ni ó rí ní orílẹ̀-èdè. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2023, àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93. Àwọn tí ó yọjú kò ju mílíọ̀nù 25 àti díẹ̀ lọ.

Nítorí náà, lọ sí ìpàdé. Sọ ohun tí o mọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí wọn kò bá gbà á, gbé ọkọ́ rẹ lọ́jọ́ iṣẹ́ síbẹ̀síbẹ̀. Kí Ọlọ́hun má ṣe kà wá mọ́ àwọn tí ń padà lẹ́yìn. Àmíín.