Ta Ni Ó Ṣílẹ̀kùn fún Olè?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá igbó àti ẹyẹ inú rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.).

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, hàdíìsì kan wà nínú àkójọ Abu Dawud pé lórí ìrìn-àjò, àwọn sàhábà kan mú ọmọ ẹyẹ méjì. Ìyá wọn ń rà bàbà kiri. Nígbà tí Ànábì rí i, ó pàṣẹ kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà fún un.

A lè sọ pé àwa kò fọwọ́ kan ìtẹ́ ẹyẹ rí. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Bí agégi bá gé igi ńlá kan, kì í dá wó. Á fa àwọn kéékèèké lulẹ̀, oòrùn á wọlé, ìgbẹ́ á hù, ọ̀nà tí katakata fi wọ́ gẹdú á là sílẹ̀ gbayawu. Ẹlúùlúù tó fẹ́ràn ìgbẹ́, kannakánná tó ń tẹ̀lé ọmọ ènìyàn, eku àti ejò lè gba ibẹ̀ dé ìdí ìtẹ́ tí ewé ti ń bò tẹ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, David Wilcove gbé ìwádìí kan jáde ní 1985. Ó fi ẹyin sínú ìtẹ́ àtọwọ́dá káàkiri igbó. Nínú igbó kìjikìji Great Smoky Mountains, bíi 2 nínú 100 ni ẹranko bà jẹ́. Nínú igbó wẹ́wẹ́ ẹ̀bá ìlú, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òmíràn, díẹ̀ ló kù kí gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹ má bú ẹlúùlúù. Arísìkí tí Ọlọ́hun pín fún un ló ń wá. Àwa tí a ní làákàyè ni kí a bi ara wa: ta ni ó ṣílẹ̀kùn fún olè? Suratul An'am, ẹsẹ 38, fi yé wa pé ìjọ bíi tiwa ni àwọn ẹyẹ.

Igi gígé kì í ṣe haráámù. Pákó la fi ń kan òrùlé mọ́sálásí wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń rà á, ta ni nínú wa tó béèrè bóyá wọ́n gé e pẹ̀lú àṣẹ? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò pákó, ẹ má gba gẹdú tí wọ́n jí gé. Ẹ má la ọ̀nà tí kò pọn dandan. Ẹ dí èyí tí ẹ ti lò tán. Bí a bá gé, kí a gbìn.

Ọmọ ẹyẹ ọjọ́sí ṣe é dá padà. Ẹyin tí ejò ti gbé mì kò ṣe é dá padà. Kí àáké tó kan igi ni àánú wa wúlò.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tó ń ṣọ́ àmáánà Rẹ̀. Àmín.